Ìsàlẹ̀ Ọkọ̀ Tí Ojú Kì Í Rí

Ẹ fi ojú inú wo ọkùnrin kan tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí ó dúró nínú àká ẹ̀yìn ilé ní ìpínlẹ̀ Michigan, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó ká tapólì kan kúrò nílẹ̀, eruku sì bo gbogbo ibẹ̀. Ohun tí ó wà lábẹ́ tapólì náà ni ọkọ̀ ojú omi onípákó tí bàbá rẹ̀ rà ní àlòkù nígbà tí òun ṣì wà lọ́mọdé: ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 17, tí ilé iṣẹ́ Chris-Craft kàn ní ọdún 1949. Fánííṣì ara rẹ̀ ti ń bó bí awọ ejò. Àga rẹ̀ ti ya, eku sì ti fi òwú inú rẹ̀ tẹ́ ibùsùn fún àwọn ọmọ rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí ọkùnrin náà tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ tí ó sì fi nu iwájú ọkọ̀, àwọ̀ pupa rúsúrúsú igi náà yọ sí i lójú, ó sì dà bí ẹni pé bàbá rẹ̀ kí i láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ọkùnrin yìí kò ní orúkọ níbí, nítorí pé irú rẹ̀ pọ̀. Ní Michigan, ní Minnesota, ní New York àti ní New Hampshire, níbi tí adágún omi pọ̀ bí ewé, irú ọkọ̀ báyìí wà nínú àká àti lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọmọ olówó rẹ̀ sì ń wò ó lọ́dọọdún, ó ń wí pé ọdún tí ń bọ̀ ni. Ìdí tí wọ́n fi ń sún un síwájú kì í ṣe owó nìkan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó náà kì í ṣe kékeré. Ó wọ́pọ̀ kí iye tí ènìyàn yóò ná sórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ju iye tí wọn yóò rà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Ohun tí ó tún ń dẹ́rù bà wọ́n ni ìbéèrè kan tí kò ní ìdáhùn kíákíá: báwo ni ènìyàn yóò ṣe pààrọ̀ ara ọkọ̀ náà tó, kí ó tó di pé kì í ṣe ọkọ̀ bàbá rẹ̀ mọ́?

Kí ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀, ó yẹ kí òǹkàwé mọ ibi tí ọkọ̀ náà ti wá. Algonac jẹ́ ìlú kékeré kan ní etí odò St. Clair, odò tí ó pààlà láàrin Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ibẹ̀ ni Christopher Columbus Smith, tí wọ́n bí ní ọdún 1861, ti kan ọkọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1874, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 13. Ọkọ̀ ọdẹ ni, tí wọ́n fi ń lépa pẹ́pẹ́yẹ inú koríko odò. Nígbà tí ó di ọdún 1922, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, ní ọdún 1930 sì ni ilé iṣẹ́ náà gba orúkọ Chris-Craft tí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Ohun tí ìdílé yìí ṣe ni pé wọn kò dúró lórí kíkan ọkọ̀ eré ìje fún ọlọ́rọ̀ kan ṣoṣo. Wọ́n ń kan ọkọ̀ tí ó jọra wọn, ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò ní Detroit tí kò jìnnà sí wọn, tí ó fi jẹ́ pé oníṣòwò àti dókítà ìlú kékeré náà lè ní tirẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ tí ń gbé ọmọ ogun gúnlẹ̀ sí etíkun ni wọ́n kàn. Ìdílé Smith ta ilé iṣẹ́ náà ní ọdún 1960. Ní àkókò yẹn, fáíbágíláàsì, ohun tí kì í wú, tí kì í sì í jẹrà, ti ń gba ojà mọ́ igi lọ́wọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, pákó ti parí iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ náà.

Ní ti igi fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí yóò dùn mọ́ Yorùbá létí. Mahogany ni ilé iṣẹ́ náà ń pe igi rẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ igi tí ó wá láti ilẹ̀ Philippines, tí kò bá mahogany gidi tan rárá. Orúkọ ọjà ni wọ́n fún un. Ẹni tí ó bá mahogany ti Amẹ́ríkà tan ní tòótọ́ ni ọ̀gànwó wa, igi tí àwọn bàbá wa fi ṣe ilẹ̀kùn, tí àwọn ìyá wa sì ń bó èèpo rẹ̀ fún àgbo ibà, tí ó korò bí ewúro. Lónìí, nígbà tí àwọn tí ń tún ọkọ̀ wọ̀nyí ṣe bá ń wá pákó tuntun, ọ̀gànwó ilẹ̀ Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ wọn ń rà, tàbí ìbátan rẹ̀ tí àwọn oníṣòwò pákó ń pè ní sapele, tí orúkọ rẹ̀ wá láti ìlú Sapele ní ìpínlẹ̀ Delta. Nítorí náà, ọkọ̀ tí wọ́n fi ayédèrú mahogany kàn ní ọdún 1949 lè gba mahogany gidi nígbà àtúnṣe. Bóyá ó yẹ kí inú Yorùbá dùn sí èyí tàbí kí ó bàjẹ́, ìyẹn wà lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ti rí bí igbó ọ̀gànwó ti kù díẹ̀ tó.

Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ padà sínú àká. Ohun tí ọkùnrin yẹn ń fi ọwọ́ nù kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Òkè ọkọ̀, ibi tí oòrùn ń tàn sí, kì í sábà jẹ́ ìṣòro: fánííṣì tuntun, irin dídán tuntun, awọ àga tuntun, ó parí. Ìsàlẹ̀ ni ọ̀ràn wà. Ọkọ̀ yìí ní awọ méjì nísàlẹ̀. Àwọn pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ́ ní ìdábùú sórí egungun ọkọ̀ tí wọ́n fi igi líle ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ́ aṣọ kanfáàsì tí wọ́n ti fi ọ̀dà rin lé e lórí. Lórí kanfáàsì náà ni wọ́n wá tẹ́ pákó mahogany tí ó gùn láti iwájú dé ẹ̀yìn, wọ́n sì fi ìṣó yíyí, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń pè ní síkúrù, dè wọ́n mọ́ra. Kì í ṣe ọgọ́rùn-ún kan tàbí méjì: ìṣó náà pọ̀ ju ohun tí ènìyàn yóò fẹ́ fi ọwọ́ yọ lọ.

Igi ni yóò dí ojú ihò ara rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ náà sómi lẹ́yìn ìgbà òtútù, omi yóò máa wọ inú rẹ̀ bí ẹni pé apẹ̀rẹ̀ ni, nítorí pé pákó ti gbẹ, ó sì ti sún kì. Wọn yóò fi okùn gbòòrò gbé e kọ́ sójú omi, kí ó má bàa rì, wọn yóò sì máa fa omi jáde. Ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, pákó yóò ti mu omi yó, yóò wú, ìsopọ̀ yóò fún, omi yóò sì dúró. Ọkùnrin inú àká yìí kò gbàgbé ìgbà ìrúwé kọ̀ọ̀kan tí bàbá rẹ̀ fi aṣọ òtútù bora létí odò lóru, tí ó ní korobá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí ó ń dìde ní wákàtí méjì méjì láti lọ wo ọkọ̀ bí ìyá ti í wo ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin náà kò gbàgbé. Òun ni ó máa ń gbé kọfí lọ fún bàbá wọn.

Ṣùgbọ́n ohun tí ń wú tí ó sì ń sún kì lọ́dọọdún kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ títí ayé. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí pákó bá wú, ó ń tẹ ẹnìkejì rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹran ara igi yóò fi fọ́ ní etí. Bí ó bá tún gbẹ, àlàfo yóò fẹ̀ ju ti èṣí lọ. Ìṣó yóò máa jẹra nínú ihò rẹ̀, ihò yóò máa fẹ̀, egungun ọkọ̀ yóò máa sán. Kanfáàsì tí ó wà láàrin yóò jẹrà, kò sì sí ojú tí ó lè rí i. Omi òjò ni ó tilẹ̀ burú jù. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé omi adágún ni ó ń pa ọkọ̀, ṣùgbọ́n omi òjò tí ó bá rọra kán wọlé láti òkè, tí ó dúró sí kọ̀rọ̀ tí atẹ́gùn kì í dé, òun ni olú tí ń jẹ igi fẹ́ràn. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ fi lè máa dán lójú bí ọkọ ìyàwó, kí ènìyàn fi ìka tẹ igi abẹ́ rẹ̀, kí ìka náà wọlé bí ẹni tẹ ẹ̀bà.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ọlọ́gbọ́n onítùn-ún-ṣe máa ń ṣe ni kí ó dojú ọkọ̀ dé. Ṣùgbọ́n kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti ya fọ́tò gbogbo igun rẹ̀, ó ti fi igi gbè é kí ìrísí rẹ̀ má bàa yẹ̀, nítorí ọkọ̀ tí ó ti pẹ́ nílẹ̀ máa ń tẹ̀ bí ẹ̀yìn àgbàlagbà, bí wọ́n bá sì kan pákó tuntun mọ́ ẹ̀yìn tí ó tẹ̀, títẹ̀ náà yóò di ti ayérayé. Lẹ́yìn èyí ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìṣó. Orí ìṣó kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi èdìdì igi kékeré róbótó bò. Yóò lu èdìdì náà fọ́, yóò ha ojú ìṣó náà mọ́, yóò sì yí i jáde. Bí ó bá kọ̀ láti jáde, ìjà dé. Àwọn pákó àtijọ́ tí kò lè lò mọ́ kò ní lọ sínú iná. Wọn yóò di ìwọ̀n tí yóò fi gé tuntun.

Ibí yìí ni àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ láàrin àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí, ó sì ti fa ìbínú láàrin ọ̀rẹ́. Ọ̀nà àtijọ́ wà: kanfáàsì tuntun, ọ̀dà tuntun, pákó tuntun, kí ọkọ̀ máa mu omi lọ́dọọdún bí ó ti ń ṣe. Ọ̀nà tuntun sì wà: kí wọ́n fi oje kẹ́míkà rin pákó inú kí omi má lè wọ̀ ọ́, kí wọ́n sì fi àtè kan tí ilé iṣẹ́ 3M ń ṣe, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 5200, rọ́pò kanfáàsì. Bí àtè náà bá gbẹ, kì í le gan-an, ó máa ń rọ̀ bí rọ́bà, ó sì ń di pákó méjèèjì mú débi pé wọ́n di ẹyọ kan. Ọkọ̀ tí wọ́n bá ṣe báyìí kì í mu omi mọ́. Ènìyàn lè gbé e láti ẹ̀yìn mọ́tò sínú odò ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé, kí ó gun ún, kí ó gbé e padà sílé ní ìrọ̀lẹ́. Korobá àti òru àìsùn dópin.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí yóò béèrè ohun tí wọ́n tún ń jà sí. Ohun tí wọ́n ń jà sí ni ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi kanfáàsì ṣe ṣeé tú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan lè tú u lẹ́yìn ogójì ọdún, kí ó yọ pákó kan ṣoṣo tí ó bàjẹ́, kí ó fi òmíràn sí i. Èyí tí wọ́n fi àtè 5200 lẹ̀ kò ṣeé tú bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ yọ pákó kan yóò fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, yóò sì fọ́ èyí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn. Ẹni tí ó ṣe é ti sọ fún gbogbo ọjọ́ iwájú pé òun ni ẹni ìkẹyìn tí yóò fi ọwọ́ kan ibẹ̀ láìbà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn láti ẹnu ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní ọgọ́ta.

Àwọn káfíńtà àtijọ́ tilẹ̀ ní ìwà kan tí ó yẹ kí ènìyàn dá dúró wò. Èdìdì igi kékeré tí wọ́n fi ń bo orí ìṣó, fánííṣì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa fi ń lẹ̀ ẹ́, kì í ṣe àtè gidi. Fánííṣì náà tó láti dí omi, ṣùgbọ́n kò le tó láti ṣe ẹni tí yóò yọ ọ́ lọ́jọ́ iwájú ní ìnira. Wọn yóò sì yí èdìdì náà títí ìlà ara rẹ̀ yóò fi bá ìlà ara pákó lọ, kí ojú má bàa rí i. Ẹni tí kò ní bá wọn láyé ni wọ́n ń rò fún.

Síbẹ̀, kò yẹ kí ìwà rere àwọn káfíńtà náà mú kí ènìyàn gbàgbé omi. Àwọn tí wọ́n kan ọkọ̀ yìí ní ọdún 1949 kò rò pé ẹnikẹ́ni yóò máa gùn ún ní ọdún 2020. Ọjà ni wọ́n ń tà, ọdún tí ń bọ̀ ni wọ́n sì fẹ́ ta òmíràn. Ọkọ̀ tí ó ń gbé lójú omi láti ìgbà ìrúwé títí di ìgbà ìwọ́wé ni wọ́n kàn. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí kì í dé omi ju ìgbà mẹ́wàá lọ́dún, orí kẹ̀kẹ́ ẹ̀yìn mọ́tò ni wọ́n ń gbé. Ìsàlẹ̀ oníkanfáàsì tí ó ń gbẹ tí ó sì ń rin lọ́nà bẹ́ẹ̀ yóò yára kú. Ẹni tí ó bá sì ní ọmọ-ọmọ tí yóò jókòó sí iwájú ọkọ̀ náà ní àárín adágún kò gbọ́dọ̀ fi ìfẹ́ ohun àtijọ́ dá ọgbọ́n. Ní ojú ẹni tí ó bá wo ọ̀ràn náà dáadáa, àwọn tí wọ́n yan àtè jàre, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹjọ́ ẹnìkejì kò ṣeé dà nù. Wọ́n jàre lórí ìsàlẹ̀ nìkan, kò kan òkè. Ẹni tí ó bá tú òkè tí kò bàjẹ́ nítorí kí ó lè dán ju ti aládùúgbò lọ kò tún nǹkan kan ṣe.

Ní ti ẹ́ńjìnnì, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Inú ọkọ̀ wa yìí ni ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní K wà: sílíńdà mẹ́fà, agbára ẹṣin 95, irin ara rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ Hercules. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ tí ó bá wò ó yóò ní kí wọ́n gbé e jùnù, kí wọ́n fi V8 tuntun sí i, tí agbára rẹ̀ tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Ìmọ̀ràn náà dùn létí. Ṣùgbọ́n egungun ọkọ̀ yìí, ìṣó rẹ̀, àti bí abẹ́ rẹ̀ ti rí, agbára 95 ni wọ́n fi wọ̀n wọ́n. Ẹni tí ó bá fi agbára 300 ti irú ara bẹ́ẹ̀ yóò máa gbá a mọ́ ojú omi bí ẹni ń fi ìlẹ̀kùn gbá ògiri, imú ọkọ̀ yóò máa fò sókè sódò, kò sì ní pẹ́ tí iṣẹ́ abẹ́ rẹ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ẹ́ńjìnnì K kò sì tíì di òkú. Àwọn tí ń ṣe ẹ̀yà ara rẹ̀ ṣì wà, ohùn rẹ̀ sì jẹ́ ohùn tí ẹni tí ó gbọ́ ọ lọ́mọdé kì í gbàgbé: ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀fun, tí kì í kánjú.

Ohun tí ó yẹ kí ó di tuntun níbẹ̀ kì í ṣe agbára. Àwọn wáyà tí ìdáàbòbò ara wọn ti ń fọ́ bí àkàrà gbígbẹ ni ó yẹ kí ó kúrò. Rọ́bà tí epo ń gbà kọjá gbọ́dọ̀ di tuntun, nítorí pé epo bẹntiróòlù òde òní ní ọtí ethanol nínú, ọtí náà sì ń jẹ rọ́bà àtijọ́. Iná bátìrì fóòtù 6 ni wọ́n fi kan ọkọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ ọ́ di 12 kí ó lè gbé ẹ̀rọ kékeré tí ń fa omi jáde fúnra rẹ̀. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jùlọ ni fáànù kékeré kan. Òórùn bẹntiróòlù wúwo ju atẹ́gùn lọ. Bí ẹ̀kán epo kan bá jò, òórùn rẹ̀ kì í fò lọ sókè, ó máa ń sàn wálẹ̀ sínú ikùn ọkọ̀, ó sì ń dúró de iná kékeré kan. Ọkọ̀ àtijọ́ kò ní ju ihò atẹ́gùn lórí lọ. Lónìí, ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó ń ṣe yóò tan fáànù náà fún ìṣẹ́jú mẹ́rin kí ó tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, yóò sì tún ṣí ideri ẹ́ńjìnnì, yóò fi imú gbóòórùn. Ọkọ̀ tí kò ní irú fáànù yìí, bí ó ti wù kí ó jẹ́ ojúlówó tó, àpótí ìbọn ni.

Àwọn ènìyàn tilẹ̀ wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wọn ojúlówó. Ẹgbẹ́ kan wà tí ń jẹ́ Antique and Classic Boat Society, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1975. Níbi àfihàn ọkọ̀, àwọn onídàájọ́ wọn máa ń tẹ̀ba, wọ́n ń wo ìlà èdìdì igi, wọ́n ń ka àwọn irin, wọ́n ń wo bóyá àwọ̀ àga bá ti ọdún yẹn mu, wọ́n sì ń yọ máàkì. Ẹ̀rín lè pa ẹni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan wà nínú ìlànà wọn: wọ́n ya ọkọ̀ tí ara rẹ̀ àtijọ́ ṣì wà púpọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí wọ́n tún kàn, wọ́n sì gbà kí ìsàlẹ̀ di tuntun nítorí ẹ̀mí ènìyàn. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ bí ọkọ̀ tirẹ̀ ti rí gan-an lọ́jọ́ tí ó jáde, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Mariners' Museum ní Newport News, ìpínlẹ̀ Virginia, ni ìwé àwọn Chris-Craft wà. Bí ó bá fi nọ́ńbà ara ọkọ̀ náà ránṣẹ́, wọ́n lè rí káàdì rẹ̀ fún un: ẹ́ńjìnnì tí ó gbé, àwọ̀ tí ó ní, ibi tí wọ́n gbé e lọ. Ìwé ìbí ni.

Ìbéèrè nípa ohun tí ó yẹ kí ó yí padà kò mọ sí ọkọ̀ ìgbafẹ́. Ní ìlú New Orleans, ilé iṣẹ́ Higgins kan ọkọ̀ ogun onípákó kan ní ọdún 1943, tí ń jẹ́ PT-305, ẹsẹ̀ bàtà 78. Ara rẹ̀ náà jẹ́ pákó mahogany lọ́nà méjì pẹ̀lú kanfáàsì láàrin. Ó ja ogun ní Òkun Mẹditaréníà. Lẹ́yìn ogun, wọ́n tà á, ó gbé ọ̀pọ̀ ọdún ní ẹnu iṣẹ́ kíkó oyster nínú omi Chesapeake, olówó rẹ̀ sì gé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú sí ẹsẹ̀ bàtà 65 nítorí òfin tí ó de ọkọ̀ tí ó bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2007, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Ogun Àgbáyé Kejì ní New Orleans gbà á. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ àgbàlagbà, ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, wọ́n dá ẹ̀yìn tí wọ́n gé padà, ní ọdún 2017 ó sì tún wọ inú adágún Pontchartrain. Ṣùgbọ́n wọn kò dá ẹ́ńjìnnì Packard rẹ̀ padà. Bẹntiróòlù ni Packard ń mu, irú ọkọ̀ náà sì ń gbé gálọ́ọ̀nù 3,000 nígbà ogun. Wọ́n fi ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì sí i, kí ó lè gbé èrò láìsí ìbẹ̀rù. Ní Portland, ìpínlẹ̀ Oregon, ọkọ̀ bí irú rẹ̀ kan wà, PT-658, tí àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀ láti yọ Packard. Ẹni tí ó bá dé Portland yóò gbọ́ ohùn gan-an tí àwọn ọmọ ogun gbọ́. Ẹni tí ó dé New Orleans lẹ́yìn àtúnṣe yẹn lè jókòó sórí ọkọ̀ tí ó rí ogun. Àwọn méjèèjì kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n sọ ohun tí wọ́n pààrọ̀ àti ohun tí wọ́n fi sílẹ̀.

Ọkùnrin inú àká náà lo ọdún méjì àti oṣù díẹ̀. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá wò ó ní ọdún àkọ́kọ́, tí ó rí òkìtì pákó àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí ó sì rí abẹ́ ọkọ̀ tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ igi tuntun, ó dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé ọkọ̀ tí àbúrò òun ń kàn dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkọ̀ bàbá àwọn. Ọkùnrin náà kò dá a lóhùn. Ó mú un lọ sí iwájú ọkọ̀, ó fi ibi tí bàbá wọn fi ọ̀bẹ ha ìdábùú omi sí lára igi inú hàn án, ọdún kan lẹ́yìn òmíràn, bí wọ́n ti ń wọn gíga ọmọ sára òpó ilẹ̀kùn. Kò fi yanrìn pépà kan ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ìka tọ àwọn ìlà náà, kò sì tún sọ nǹkan kan ní ọjọ́ yẹn.

Fánííṣì rẹ̀ di ìpele méjìlá, ó sì ń fi yanrìn pépà ra á láàrin ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí tí apá rẹ̀ fi ń dùn ún lójú oorun. Kí ó tó tẹ́ pákó ilẹ̀ ọkọ̀ padà, ó mú ìwé kan, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: igi wo ni ó jẹ́ ti 1949, èwo ni ó jẹ́ ọ̀gànwó tuntun, ibi tí àtè wà, ibi tí kò sí, wáyà wo ni ó ń lọ síbo. Ó kọ ọ́ ní èdè tí kò le, bí ẹni ń bá ẹni tí kò tíì mọ̀ sọ̀rọ̀. Ó fi ọ̀rá wé e, ó sì kàn án mọ́ abẹ́ àga.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọkọ̀ náà yóò wọ omi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé korobá bàbá wọn dání wá. Àbúrò rẹ̀ sọ fún un pé kò sí ohun tí wọn yóò fi ṣe. Ó ní òun mọ̀. Ọkọ̀ náà kúrò lórí kẹ̀kẹ́, ó léfòó, àwọn méjèèjì wọ inú rẹ̀, wọ́n ṣí pákó ilẹ̀, wọ́n tẹ̀ba, wọ́n ń wò. Ìsàlẹ̀ gbẹ. Wọ́n dúró, wọ́n tún wò, bí ẹni pé omi kàn pẹ́ dé ni. Ó gbẹ síbẹ̀. Ọkùnrin náà wá na ọwọ́, ó tan fáànù. Ìṣẹ́jú mẹ́rin náà gùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dojú korobá dé, ó jókòó lé e lórí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tuntun, ó sì ń wo ọwọ́ rẹ̀ títí tí ó fi fi kan kọ́kọ́rọ́.